Ẹni Tó Jáde Nínú Àgọ́

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, àṣá gbé ọmọ àdàbà méjèèjì tó wà lórí igi òrombó inú ọgbà Bàbá Àgbà. Ìyá wọn fò yí igi òrombó náà ká títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àṣá kọ́ ló jẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe.

Iṣẹ́ fọ́tò ni Bàbá Àgbà fi jẹun ní ìgboro kó tó kó wá sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó ti ya ìyàwó, ó ti ya òkú, ó ti ya àwọn ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ojú ènìyàn ti sú òun, nítorí kò sẹ́ni tó rí fọ́tò ara rẹ̀ tí kò ráhùn. Ẹyẹ ló wá ń yà. Ó fi igi àti aṣọ tó ti ṣá pa àgọ́ kan síwájú igi òrombó, ó sì gé ihò sí aṣọ náà fún ojú kámẹ́rà. Ọdọọdún ni àdàbà ń yé sórí igi yìí, ọdọọdún ló sì ń yà wọ́n, láti orí ẹyin títí dé ìgbà tí ìyẹ́ bá bo ọmọ lára. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì rí yà: ìṣẹ́jú tí ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi ìtẹ́ sílẹ̀ tó gbé ara lé afẹ́fẹ́. Lọ́dún yìí, dókítà ojú ti sọ fún un pé kó má fọkàn sí ọdún tó ń bọ̀. Ojú náà ń lọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé. Ojú-Mi ni bàbá ń pè é, nítorí òun ló ń bá a ka ìwé, òun ló ń bá a wá abẹ́rẹ́, òun náà ló sì ń bá a rí ẹyẹ tó bá jìnnà.

Àdàbà kì í sún mọ́ ìtẹ́ bó bá rí i pé èèyàn wọ àgọ́. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wọ àgọ́. Bàbá Àgbà á jókòó sórí àpótí, Ojú-Mi á jáde, á máa kọrin lọ sílé kí ẹyẹ lè rí i dáadáa. Àdàbà á wo ẹni tó ń lọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á padà sórí ọmọ rẹ̀.

"Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn," Bàbá Àgbà máa ń sọ. "Ó rí ẹni tó jáde, ó gbàgbé ẹni tó kù. Ṣùgbọ́n bí a ṣe tàn án yẹn, a kò gbọdọ̀ pa á lára. Ewé kan, a kò gbọdọ̀ já a. Àlejò kan, a kò gbọdọ̀ mú un wá."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wúkọ́ tán kí n tó jáde o. Ikọ́ yín ló lé e lọ níjẹta."

"Ikọ́ mi kọ́, orin rẹ ni. Ẹyẹ náà ní etí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí àdàbà á fi tún sá lọ, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Nílé-ìwé, kò sẹ́ni tó ń bá Ojú-Mi rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń jókòó. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí gbogbo ayé ń pè ní Gbajúmọ̀. Ibi tó bá jókòó sí ni àwọn yòókù ń rọ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Ìyá Àdàbà, wá jókòó tì wá. Wọ́n ní ẹ ní ọmọ ẹyẹ nílé. Ìdíje fọ́tò ilé-ìwé ti dé tán, òdòdó ni gbogbo wọn sì fẹ́ yà. Mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ yìí. Orúkọ àwa méjèèjì ni màá kọ sí i."

"Bàbá àgbà mi ò ní gbà."

"Ta ló ní ká bi wọ́n? Àbí wọ́n ṣì ń pọ̀n ẹ́ ni?" Àwọn yòókù fi ẹ̀rín sí i. "Wíwò lásán ni. Ṣé wíwò máa ń pa ẹyẹ ni?"

Ojú-Mi wo àyè tí wọ́n sún fún un. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ jókòó síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ibẹ̀ ló ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Wá tí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ dókítà," ló wí. "Ṣùgbọ́n o ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan o."

"Mo gbọ́, Màmá."

Lọ́jọ́ tí Bàbá Àgbà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ojú-Mi, ọgbà wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re, Bàbá." Kò lè wò ó lójú.

Gbajúmọ̀ dé pẹ̀lú kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn méjèèjì jọ wọ àgọ́. Ojú-Mi jáde, ó ń kọrin lọ. Kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn á dẹ́rù ba ẹyẹ. Ìdáná ló dúró sí títí Gbajúmọ̀ fi sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti yà á! Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ."

"O ò fọwọ́ kan nǹkan kan?"

"Háà, ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Ojú-Mi gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò padà lọ wo igi náà.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ kẹrìnlá. Bí wọ́n ṣe gbọ́ igbe àdàbà ni Bàbá Àgbà ti sáré wọ àgọ́, tó fi ojú sí kámẹ́rà.

"Ojú-Mi, iwájú mi mọ́lẹ̀ jù. Kí ni mo ń rí?"

"Ìtẹ́ ni, Bàbá."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ojú-Mi ká aṣọ àgọ́ sókè fún un. Bàbá jáde lọ sídìí igi, ó fi ìka wá ẹ̀ka tó máa ń ṣíji bo ìtẹ́, tí àṣá kì í fi í rí i. Ìdí rẹ̀ nìkan ló bá, ó ń dán.

"Bóyá afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

"Afẹ́fẹ́ kì í mú ọ̀bẹ dání."

Ó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà, ó forí lé ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ní ẹnu ọ̀nà, Ojú-Mi sáré dì í mú. Ó rọra yọ apá rẹ̀. "Mo mọ ọ̀nà ilé mi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n lẹ fọ́tò tó gba ipò kìíní mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ àdàbà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n na ọrùn, oòrùn dà bò wọ́n lórí. Kò sí ewé kan lókè wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"O gé ewé," Ojú-Mi wí fún un.

"Ewé ló bo iwájú. Ta ló ń ya ewé?"

"Orúkọ mi dà?"

"Ṣé ìwọ lo tẹ kámẹ́rà ni? Èmi ni mo jókòó, ìwọ lo jáde." Gbajúmọ̀ yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè tí wọ́n sún lọ́jọ́sí.

Ojú-Mi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà lọ́jọ́ náà, ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá ń nu ojú kámẹ́rà, kò dá ọwọ́ dúró.

"Ó dalẹ̀, Bàbá. Ó tàn mí."

"Ó tàn ọ́. Ṣùgbọ́n kò dalẹ̀ tèmi. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò finú hàn án. Ìwọ ni mo mọ̀." Ó ká aṣọ tó fi ń nu kámẹ́rà. "Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani."

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. Dìde, lọ jẹun, ọmọ."

Ọmọ ló pè é. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Ojú-Mi mọ́. Kò nà án, kò bú u, kò sì wọ àgọ́ mọ́. Kí ọdún tó yí po, ojú náà ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ tó bá ní kí ẹ fi àṣírí ilé yín ra àyè lórí bẹ́ǹṣì òun, kò pẹ́ tí yóò fi fún ẹlòmíràn ní àyè náà. Ẹni tó fọkàn tán yín nílé kò sì ṣeé pààrọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, ó lè foríjì yín. Ṣùgbọ́n ìforíjì kì í dá ọmọ ẹyẹ padà sínú ìtẹ́.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ọmọ náà lọ tú àgọ́. Àwọn ohun tó bá níbẹ̀ nìyí: àpótí tí bàbá ń jókòó lé, aṣọ ìnujú rẹ̀ kan, bébà súìtì tí kì í ṣe ti ará ilé, ẹ̀ka òrombó kan tó ti gbẹ, ewé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ìyẹ́ àdàbà kan, ihò tó wà lára aṣọ, àti ìtẹ́ tó ń hàn gbangba láti inú ihò náà, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.