Ìsinmi Tí Kò Kan Èkó

Láti Ọjọ́bọ̀ ni iná ti lọ ní àdúgbò wọn ní Mowe, bátìrì tó wà nínú rédíò kékeré orí fèrèsé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Nàfísàt gbé e sí ojú oòrùn kó lè rí ohùn sọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fi ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, ṣe ìsinmi, kí àwọn ará ìlú lè lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò tó ń bọ̀. Ilé ìwé kò ní ṣí, ọ́fíìsì kò ní ṣí. Ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan ló kàn.

Bùrẹ́ímọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwọn, fò sókè láti orí àpótí tó jókòó sí. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ibafo ló ń bá ṣiṣẹ́.

"Nàfí, ṣé o gbọ́? Họ́lídè ti dé! Mò ń lọ kí ìyá mi ní Ṣàgámù nírọ̀lẹ́ yìí. Bí mo bá tiẹ̀ fi gbogbo ọ̀la sùn, wọ́n á san owó ọjọ́ náà fún mi."

"Bàbá mi náà ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá Bùrẹ́ímọ̀?"

"Bàbá ẹ kẹ̀? Rárá o. Ògbà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Èkó nìyẹn. Ibi tí ilé iṣẹ́ bá dúró sí ni irú họ́lídè yìí ń wò, kì í wo ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Èyí tí àwọn ará Àbújá bá kéde ló máa ń kan gbogbo wa."

Nàfísàt bẹ̀rẹ̀ sí í gbo aṣọ náà bí ẹni pé aṣọ ọ̀hún ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń dùn ún, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ díẹ̀. Láwàlì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìrágbìjí ni. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Nàfísàt wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ àwọn méjèèjì nìkan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe garawa àti abọ́ oníke. Kásúà ni wọ́n ń pe irú wọn: ọjọ́ tó bá lọ ni yóò gbowó, ọjọ́ tí kò bá lọ, kò sí owó. Àwọn garawa tí ọwọ́ wọn wọ́, tí ilé iṣẹ́ kò lè tà, ló máa ń gbé wálé. Kò sí abọ́ kan nínú yàrá wọn tí ìdérí rẹ̀ dé e dáadáa.

Ìdájí ló ń jáde, ọmọ rẹ̀ á sì ti sùn kó tó dé. Bí ìjọba bá kéde ìsinmi, tí àwọn bàbá ẹlòmíràn ń jókòó sílé, ìgbà náà gan-an ni Láwàlì kì í gbélé, nítorí pé ẹni tó bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi yóò gba owó ọjọ́ méjì. Dọ́búlù ni wọ́n ń pè é. Dọ́búlù ló ra bàtà ilé ìwé Nàfísàt, òun ló ra ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Nàfísàt kórìíra rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá iṣẹ́ wá sọ fún Láwàlì pé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kọnfámù, ìyẹn ni kí wọ́n sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ gidi. Tí wọ́n bá ti kọnfámù rẹ̀, yóò máa sinmi lọ́jọ́ ìsinmi, owó rẹ̀ yóò sì pé. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Lọ́jọ́ Ajé yìí kan náà, àwọn ilé ìwé máa díje eré sísá ní pápá kan ní Ifọ̀. Nàfísàt ló máa sá eré ẹgbẹ̀rin mítà fún ilé ìwé wọn, ìsinmi kò sì yí ètò náà padà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń sáré, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin, bàbá rẹ̀ kò sì tíì rí i níbi tó ti ń sáré rí.

Láwàlì ti mọ́sáláṣí dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bùrẹ́ímọ̀ sì ti gbéra lọ sí Ṣàgámù.

"Àṣàkẹ́," oríkì rẹ̀ ló fi pè é, "wọ́n ń sọ ní mọ́sáláṣí pé họ́lídè ni ọ̀la. Ìwọ lo gbọ́ rédíò. Ṣé ó kan Èkó?"

Nàfísàt fún aṣọ náà, ó tún un fún.

"Wọ́n ní gbogbo ibi ni, bàbá mi."

"Alhamdulillahi! Dọ́búlù nìyẹn. Yára sá aṣọ yẹn kó tètè gbẹ."

Nínú ìkánjú irọ́ náà, Nàfísàt ti gbàgbé dọ́búlù. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí omi ọṣẹ tó dà sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ wá wo eré mi ní Ifọ̀ lọ́la. Bàbá àwọn yòókù máa ń wá. Ẹ ò rí mi rí."

Láwàlì wo ọmọ náà, ó rí i pé ó ti ga tó ìyá rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó ga bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Lóòótọ́, ẹni tó bá wù ló ń lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ họ́lídè. Wọn kì í bínú sí ẹni tí kò wá. Ó dáa, màá bá ọ lọ sí Ifọ̀. Àmọ́ fóònù mi ti kú láti àná. Jẹ́ kí n sáré dé Ibafo kí n bi Adéyanjú bóyá òun náà gbọ́."

Adéyanjú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nàfísàt di aṣọ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Láwàlì rẹ́rìn-ín, ó bọ́ fìlà, ó fi kọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí, ó sì jókòó.

Mọ́tò méjì ni wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó dé Ifọ̀ lọ́jọ́ kejì. Láwàlì wọ bùbá funfun tó ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn pẹ̀lú àwọn bàbá yòókù. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ ta gìrì, bàbá tí kì í pariwo yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi!" Ó ń bá wọn sáré lẹ́yìn okùn títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́. Nàfísàt ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gbogbo ìyíká. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan òpin.

Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́, olùkọ́ eré ìdárayá wọn, bọ Láwàlì lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ kú orí ire ọmọ. Gbogbo ìgbà ló máa ń wẹ̀yìn kó tó sáré. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin ló ń wá."

Lójú ọ̀nà, wọ́n ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà, wọ́n jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. Láwàlì ń sọ ìtàn ìyá Nàfísàt fún un, bó ṣe máa ń sáré lọ sódò ní Ìrágbìjí tí kò sí ọkùnrin tó lè bá a. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ara wọn fi rọ̀. Nàfísàt gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n irọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ti ilé ìwé dé ní aago méjì, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àpótí níwájú ilé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò bá a nílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọn ò jẹ́ kí n wọ géètì," ni Láwàlì wí. "Àná kì í ṣe họ́lídè l'Ékòó. Kásúà tó bá pa iṣẹ́ jẹ láìsọ, ó ti lé ara rẹ̀ nìyẹn. Àná gan-an ni wọ́n pe àwọn tí wọ́n fẹ́ kọnfámù. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta."

Nàfísàt bú sẹ́kún.

"Má sunkún. Bátìrì rédíò yẹn ló ti kú jù, kò jẹ́ kí o gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀bi rẹ kọ́."

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ìbá ti sọ ọ́. Ó kàn sunkún, ó sì jẹ́ kí bátìrì ru ẹ̀bi rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bùrẹ́ímọ̀, tó ti Ṣàgámù lọ tààrà síbi iṣẹ́, dé, òun àti Láwàlì sì jọ dúró pẹ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Láwàlì wọlé, ó wo ọmọ rẹ̀ títí. "Àṣàkẹ́, ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ bá mi sọ?"

"Kò sí, bàbá mi."

Ó mi orí, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni Láwàlì fi wáṣẹ́. Ó dé gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà ní Ibafo àti Magboro, wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀dọ́. Ó ru bíríkì, ó gbẹ́ kòtò ṣaláńgá, ó sì ń gbélé lọ́pọ̀ ọjọ́. Bàbá tí Nàfísàt ń wá ojú rẹ̀ kiri tẹ́lẹ̀ wá wà níwájú rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò lè wò ó lójú. Bí wọ́n bá jókòó sídìí oúnjẹ, Láwàlì á tún bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Á ní kò sí nǹkan.

Níkẹyìn, ẹnì kan bá Láwàlì wá iṣẹ́ sí oko ọ̀pẹ kan lọ́nà Òkìtìpupa, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ó ṣètò kí Nàfísàt lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Ìyá Ròkíátù, ní Ifọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró nínú ọmọ náà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń lọ, ní gáréèjì Mowe, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn èrò.

"Bàbá mi, irọ́ ni mo pa. Rédíò kò ṣì mí lọ́nà. Mo mọ̀ pé kò kan Èkó. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò mí ni."

Láwàlì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fà á dìde.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bùrẹ́ímọ̀ sọ fún mi."

"Ẹ mọ̀? Ẹ ò sì bá mi wí?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo ẹnu rẹ. Iṣẹ́ tó bọ́ dùn mí, Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ni iṣẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo fi fìlà kọ́, mo ní mo gbà ọ́ gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá ọmọ tí mo gbà gbọ́ yẹn nínú yàrá wa, n ò rí i." Ó dì í léjìká mú. "O tún mọ̀ pé, nígbà tí ìyàwó Adéyanjú bímọ, èmi ni mo bá a dúró síbi iṣẹ́, mo ṣe tirẹ̀ mọ́ tèmi. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa, ọ̀gá kì í sì í bínú bí a bá ti sọ. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé, 'Bàbá mi, ọ̀la kò kan Èkó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wá,' ǹ bá lọ bá Adéyanjú ní Ibafo, òun ìbá bá mi dúró. Ǹ bá wá sí Ifọ̀ yẹn náà ni. Òtítọ́ ìbá mú mi wá."

Nàfísàt fi orí bọ àyà bàbá rẹ̀, ó ké. Láwàlì nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Mo ti dárí jì ọ́, tipẹ́tipẹ́," ló wí. Awakọ̀ fọn fèrè mọ́tò, Láwàlì sì wọ mọ́tò. Nàfísàt sáré tẹ̀lé mọ́tò náà títí dé etí títì márosẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe oríkì rẹ̀ lẹ́yìn okùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ìfẹ́ ló mú ọmọ yìí purọ́, mo mọ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó fẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fi irọ́ gbà á, irọ́ náà sì gba gbogbo ọjọ́ yòókù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí ọkàn yín ń fẹ́, ẹ fi òtítọ́ béèrè rẹ̀. Bí irọ́ bá sì ti jáde lẹ́nu yín, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún kéde ìsinmi kan. Nàfísàt ló gbọ́ ọ lórí rédíò, ní Ifọ̀. Ìyá Ròkíátù pè é láti inú ilé ìdáná, inú rẹ̀ ń dùn.

"Nàfísàt, wọ́n ní họ́lídè ni ọ̀la! Ṣé bàbá ẹ á lè wá wò wá?"

Ọmọ náà pa rédíò. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì sọ òtítọ́.

"Rárá, mà. Kò kan Oǹdó."