Omi Gbígbóná Lórí Àtẹ̀gùn

Orí òrùlé ilé ìwé ni mo wà, tí mò ń kó ewé kúrò nínú gọ́tà, lọ́jọ́ tí Nevena, tíṣà tuntun, kọ́kọ́ dé abúlé wa. Ó gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn ni?"

"Rárá o, Tíṣà. Ọ̀nà òjò ni mò ń là."

Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Èmi Stamen ni mò ń tọ́jú ilé ìwé náà, láti ìgbà ewé títí dé ìgbà yìnyín. Nevena gbà láti fẹ́ mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀. "Kí ni tíṣà fẹ́ fi agbálẹ̀ ṣe?"

Ní oṣù kejì ọdún, yìnyín bo àtẹ̀gùn ilé ìwé. Eérú ààrò là ń dà sí i kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, bàbá mi ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n eérú máa ń ba bàtà jẹ́, mo sì fẹ́ kí àtẹ̀gùn dán kí olólùfẹ́ mi tó dé. Ni mo bá da omi gbígbóná sí i. Kí aago tó lù, omi náà ti dì bíi dígí. Nevena tẹ̀ ẹ́, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Mo pọ̀n ọ́n nínú yìnyín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, mo ti fojú kéré ẹ. Ìwọ ni ọkọ ẹ̀."

Ọ̀gá ilé ìwé ní Màmá Gena, arúgbó tó ń nu ilẹ̀, ló da omi sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Ìṣojú mi ni. Bàtà mi ni mò ń wò, n ò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú ti ń tì mí. Ìyá Nevena á gbé búrẹ́dì oníwàràkàṣì síwájú mi, á ní, "Jẹun, akọni." Mo máa ń rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta la máa ń so òwú pupa àti funfun mọ́ ara wa lọ́wọ́, kí ara lè le, títí igi á fi tanná. Mo mú tèmi lọ bá Nevena. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, nítorí ọ̀tún tó kán ṣì wà nínú ohun tí dókítà fi dì í. N ò lè so ó.

"Olólùfẹ́ mi, èmi ni mo da omi yẹn."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Màmá Gena ńkọ́?"

"Mo jẹ́ kí ọ̀gá lé wọn lọ."

"Mo lè dárí omi jì ẹ́, Stamen. Ẹnu tó o pa dé ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣílẹ̀kùn pé kí n máa lọ. Mo fi òwú náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo jẹ́wọ́ níwájú ọ̀gá, òbí àtọmọ. Lẹ́yìn náà mo lọ kúnlẹ̀ fún Màmá Gena.

"Ọmọ tí mo fún lóúnjẹ láti kékeré," ni wọ́n wí. Wọ́n padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò kí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fi irin ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, tí kálukú ń tú òwú rẹ̀ so mọ́ ẹ̀ka, Nevena wá bá mi níbi tí mo ti ń kun irin náà. Ó ká apá aṣọ òsì rẹ̀ sókè. Òwú tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì ló wà níbẹ̀. Ó fi eyín tú u, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì san, ó fi kọ́ irin mi.

"Igi tó tanná là ń so ó mọ́," mo ní.

"Mo mọ̀. Wá bá mi ta kókó ẹ̀. Ọwọ́ kan ò lè ta kókó."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo sì bá a ta á.