Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Ẹfun ni Bọ̀dá Ìyápọ̀ fi kọ ọ́ sára pátákó dúdú tó gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé àwo orin rẹ̀: ÀWO TUNTUN TI DÉ. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ àwọn òyìnbó tó kọrin náà sí, orúkọ gígùn kan tí kò sẹ́ni tó lè pè é já gaara nínú àwa ọmọbìnrin mẹ́rin tí a dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé léjìká. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lọ́dún 1984. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé girama wa ní Ṣakí ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi Adékúnlé ló gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn," ni Bọ́sẹ̀ wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló kọrin inú rẹ̀. "Ọ̀la nìkan ló máa lò lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ìyápọ̀. Sọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n mi ń padà sí yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, kó yáa wá kásẹ́ẹ̀tì."

Bọ̀dá Ìyápọ̀ fi àwo náà sórí ẹ̀rọ kí a lè tọ́ ọ wò. N kò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kò sí ìlù tí ènìyàn fọwọ́ lù níbẹ̀ rárá. Dùùrù oníná ni ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó ń dún wìn-ìn-wìn-ìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ohùn obìnrin kan sì ń jáde láàárín rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. N kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. N kò ní parọ́ fún yín: mo fẹ́ràn orin náà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan ló fà mí.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀, Ojúọlápé àti Dúróríkẹ́ ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ni gbogbo kíláàsì ń wò kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń dirun àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Fàtímọ̀ Olórìí ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé òrí ni ìyá mi ń ṣe tà, òórùn òrí kì í sì í kúrò lára aṣọ ilé-ìwé mi, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Oṣù méjì péré ni mo ti ń bá wọn rìn, bí ológìnní tó wọlé onílé sì ni mo ṣe ń rìn láàárín wọn.

"Fàtímọ̀ ò lè rí kásẹ́ẹ̀tì," ni Ojúọlápé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àfi bó bá máa fi igbá òrí gba orin."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí òmùgọ̀. Mo ní, "Mo ní kásẹ́ẹ̀tì nílé. Ẹ máa rí i lọ́la."

Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wọ́n bí ojú lọ́dún náà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á ní Ṣakí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nílé wa, gbogbo ilé ló sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá mi, Mùstàfá, ti lọ sí Àbíjàn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ṣakí ti máa ń ṣe. Kò kàwé, ìyá mi náà kò kàwé, nítorí náà kò sí lẹ́tà láàárín wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìdálẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni náà á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú rédíò, á ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, á sì fi rán awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá mi rí i fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ràmọ́nì, awakọ̀ tó gbé e wá, tún dé, ṣùgbọ́n kò gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ó ṣí fìlà, ó sì sọ fún ìyá mi pé ibà ló pa bàbá wa, wọ́n sì ti sin ín lọ́hùn-ún ní ọjọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti pa á láṣẹ. Kò sí sàréè tí a lè lọ wò. Àmọ̀kẹ́ àbúrò mi kò tíì pé ogójì ọjọ́ láyé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ìyá mi á gbé rédíò sórí àpótí, á sì tẹ kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa. A ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí náà. Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ti jókòó ti rédíò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á kí ìyá mi, á bèèrè àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á kì mí ní Àyìnkẹ́, á ní kí n má ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ló máa wá ní, "Èyí tó wà nínú rẹ ńkọ́, Àwáwù? Bó bá jẹ́ obìnrin, Àmọ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ máa kì í. Àmọ̀kẹ́ o."

Àmọ̀kẹ́ á wá fi ẹnu kan rédíò, á ní, "Ẹ̀ẹ́n, Bàbá."

Bàbá mi á dákẹ́ díẹ̀, á sì tún wúkọ́, àfi bí ẹni tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó parí. Ojú kìíní nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Òfìfo ni ojú kejì.

Ojú kejì yìí ni mo rò ní gbogbo òru. Mo sọ fún ara mi pé, orin á wà lójú kejì, Bàbá á wà lójú kìíní, kò sẹ́ni tó máa fara pa. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá mi kó òrí lọ sọ́jà Òfìkì. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ ni mo ṣí àpótí, mo tú gèlè tó fi wé kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi sínú àpò. N kò bi í. Mo mọ̀ pé kò ní gbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi bi í.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní ilé àwo kí n tó débẹ̀. Bọ̀dá Ìyápọ̀ gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré.

"Ojú kejì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá," ni mo wí.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣẹ́ etí ojú kìíní. Ẹni tó ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì, ó ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́. Kí ló wà níbẹ̀?"

Bọ́sẹ̀ yíjú sí mi. Ojúọlápé ti ń mú ẹnu rẹ̀ gbára dì. Mo rí i lọ́kàn mi bí wọn yóò ti sọ ọ́ káàkiri ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé Fàtímọ̀ Olórìí gbé kásẹ́ẹ̀tì òkú wá gba orin, pé bàbá rẹ̀ tí kò lè kọ lẹ́tà ló ń sọ̀rọ̀ ará oko nínú rẹ̀. Mo sì rò pé kí ló kan Bọ̀dá Ìyápọ̀ pẹ̀lú ojú kìíní, nígbà tó jẹ́ pé ojú kejì ni mo ní kó lò.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ni mo wí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Òfìfo ni, Bọ̀dá."

Ó ká bébà pélébé kan, ó fi dí ihò etí kásẹ́ẹ̀tì náà, n kò sì ronú ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní kí n padà wá lọ́sàn-án.

Lọ́sàn-án náà, a jọ gba ilé Bọ́sẹ̀ lọ, a tẹ kásẹ́ẹ̀tì mi nínú rédíò ńlá bàbá rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mi ló dún jù, wọ́n ní ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Bọ́sẹ̀ gbá mi mọ́ra. Kò pè mí ní Olórìí, Fàtímọ̀ lásán ló pè mí. Inú mi dùn débi pé mo jó. Nígbà tó ṣe, kásẹ́ẹ̀tì náà dúró gbàgà, Bọ́sẹ̀ sì yọ ọ́, ó yí i padà.

Mo ní, "Má yí i, ó ti tán."

"Ó tán báwo? Orin márùn-ún ló ṣẹ́ kù," ó dáhùn, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Orin ló jáde. Mo dúró kí ó dáwọ́ dúró kí bàbá mi lè bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn àgbà ilé. Kò dáwọ́ dúró. Àwo náà gùn ju ojú kan kásẹ́ẹ̀tì lọ. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá Ìyápọ̀ mọ̀ ọ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi bi mí, tó sì fi bébà dí ihò etí náà kí ẹ̀rọ lè gba orin lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jó. Èmi jókòó sórí ìjókòó, n kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe mí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo sáré lọ bá Bọ̀dá Ìyápọ̀ nílé, mo sọ òótọ́ fún un.

"Mo bi ọ́, Fàtímọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́."

"Ẹ bá mi yọ orin náà kúrò, Bọ̀dá. Bóyá ohùn Bàbá ṣì wà nísàlẹ̀."

"Kò sí nísàlẹ̀. Bí ti tuntun ṣe ń wọlé ni ti àtijọ́ ń pa rẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, n kò ní fọwọ́ kàn án. Lọ sọ fún ìyá rẹ."

N kò sọ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi dákẹ́. Mo ti dá kásẹ́ẹ̀tì padà sínú gèlè, mo wé e bó ti wà, mo sì ń gbàdúrà òmùgọ̀ pé kí rédíò bàjẹ́, tàbí kí òkúta bátìrì rẹ̀ kú, kí Jímọ̀ tó dé. Jímọ̀ dé. Kò sí ohun tó ṣe rédíò.

Ìyá mi tẹ̀ ẹ́, orin dùùrù oníná sì kún yàrá wa. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà, orin. Ó yọ ọ́, ó fi etí aṣọ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Orin náà ni. Àmọ̀kẹ́ kò kúrò nídìí rédíò, ó ń retí ibi tó ti máa ń dáhùn.

"Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀," ni ìyá mi wí nígbẹ̀yìn. "Ẹnìkan ló wọlé wá pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kó dá a padà. Ó ní láti dá a padà."

Mo lè dákẹ́ kí ẹ̀sùn náà máa wá olè tí kò sí kiri. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní kí ẹni náà dá a padà yìí, n kò lè fara dà á. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pátákó Bọ̀dá Ìyápọ̀ dé orí irọ́ tí mo pa. Mo dúró de igbájú. Kò gbá mi.

"Kí ló dé tó ò bi mí?" ó wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà, Ìyá."

Ó pa rédíò. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé orin yẹn dùn?"

Irọ́ ti sú mi. "Ó dùn, Ìyá."

Ó mi orí. Ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún. Ìgbà tí Ràmọ́nì awakọ̀ wá, kò sunkún tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ìyá mi gbìyànjú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá wa fún Àmọ̀kẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ á ní, "Bàbá ò sọ ọ́ báyìí." Èmi náà á gbìyànjú, á tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, kò bá wa jiyàn mọ́. Ọjọ́ tó gba ohun tí mo sọ láìjiyàn, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún, nítorí mo mọ̀ pé òun náà ti gbàgbé.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, kí sáà náà tó parí, àwo mìíràn ti dé, orin ti tẹ́lẹ̀ sì ti di ògbólógbòó létí wọn. Wọ́n tún ń pè mí ní Olórìí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì Àmọ̀kẹ́, èmi ni mo bá a wọṣọ. Ó bi mí nínú yàrá pé, "Àǹtí, báwo ni ohùn Bàbá ṣe rí? Ṣé ó wúwo ni àbí ó tinrín?" Mo ya ẹnu láti dáhùn. Mo wá a nínú orí mi, n kò rí i. Mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, ohùn náà ni n kò rántí mọ́. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Ó ní kò burú, ó sì ní kí n bá òun so ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orin kò ṣẹ̀ mí, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Irọ́ ló ṣẹ̀ mí, àti ojú tí mo jẹ́ kó tì mí nítorí ohun tó yẹ kí n fi yangàn. Ohun tí gbogbo ilé jọ ní, kì í ṣe ti ẹnì kan láti fi wá iyì níta. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Ìyápọ̀ ń dúró gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà: ohùn bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́ níwájú ọmọbìnrin mẹ́ta tí n kò mọ ibi tí wọ́n wà lónìí.