Gìtá Jímọ́ọ̀ àti Ohùn Ládàánì

Gbalaja ló nà sílẹ̀ nígbà tí Sàlámọ̀tù kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe pé àìsàn ń ṣe é o. Iwájú ampilifáyà kan, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ló dọ̀bálẹ̀ sí nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan n'Ìkirè, ó lẹ etí mọ́ àpótí náà, ó sì ń fi ìka méjì yí bọ́tìnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1963 nìyẹn, oòrùn ọ̀sán sì ń mú ganrínganrín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ háìláìfù ti lọ jẹun. Jímọ́ọ̀ lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ta gìtá fún wọn.

Aṣọ ni Sàlámọ̀tù kó wá. Ọmọ Àpòmù ni, iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́ n'Ìkirè lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí ọ̀gá rẹ̀ rán fún ẹgbẹ́ náà sì wà lápá rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ kó máa lọ. Ọkùnrin náà dìde, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ta okùn kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ohùn náà fi gùn sókè bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún. Lórí àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, kò sì kúrò létí rẹ̀ mọ́.

"Arábìnrin, jọ̀ọ́, báwo lo ṣe gbọ́ ọ?"

"Ó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò."

Jímọ́ọ̀ lanu. Ó yí bọ́tìnì kan. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti wá ń ha mí létí."

"Báyìí?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n! Má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín. Gàrúbà, bàbá rẹ̀, ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kan l'Àpòmù, ọ̀fun lásán ló sì fi ń pè é. Láti kékeré ló ti máa ń rán Sàlámọ̀tù lọ dúró lọ́nà odò, kó wá sọ bóyá ìpè náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bó o bá dúró síbi tí ohùn ti ń jáde," Sàlámọ̀tù bi Jímọ́ọ̀, "kí lo máa gbọ́?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibikíbi tí ẹgbẹ́ náà bá ti ń ṣeré, Sàlámọ̀tù á dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá fọwọ́ kan àyà, gìtá ti wúwo jù. Bó bá fọwọ́ kan etí, ó ti mú jù. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kó dín in kù. Jímọ́ọ̀ wá ń pè é ní Etí Mi.

"Etí nìkan?" Sàlámọ̀tù bi í lọ́jọ́ kan. "Ìyókù ara mi ńkọ́?"

"Ìyẹn di ọjọ́ tí bàbá ẹ bá gbà."

Ojú ti Sàlámọ̀tù, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, bó bá sì ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀ lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn ọ̀dọ́ Àpòmù pe ẹgbẹ́ náà wá ṣeré ní pápá lọ́sàn-án ọdún. Sàlámọ̀tù wà nídìí ààrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò lè yọjú, nítorí kò tíì sọ nǹkan kan nílé. Pápá náà tẹ́jú, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Lójú Jímọ́ọ̀, gìtá náà kéré bí ohùn ẹ̀fọn. Ó yí i sókè. Ó tún yí i. Ó yí i dé òpin.

Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Nígbà tí ìrun Àlàásárì tó, ládàánì jáde, ó ki ìka bọ etí, ó pe ìrun, gìtá sì gbé ìpè náà mì káló. Àwọn arúgbó tó ń retí ìpè jókòó sílé títí àkókò fi lọ lórí wọn.

Gàrúbà wọlé, ohùn rẹ̀ ti há. "Ta lọmọ tó ń ta nǹkan yẹn?"

Sàlámọ̀tù ì bá dákẹ́. Kò dákẹ́. "Jímọ́ọ̀ ni, bàbá mi. Ará Ìkirè ni. Òun ni mo fẹ́ mú wá hàn yín."

"Ẹni tí wọ́n sọ ní Jímọ́ọ̀ ló bo ìpè ìrun mọ́lẹ̀? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń pè é, òjò ò dá mi dúró rí! Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nílé yìí mọ́. O ò ní fẹ́ ẹ lójú mi."

Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta léra ni Jímọ́ọ̀ wá tọrọ àforíjì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Gàrúbà dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Mi ò gbọ́ yín, bàbá. Èmi gan-an ò gbọ́ra mi, ni mo ṣe ń yí i sókè."

"Máa lọ."

Sàlámọ̀tù sunkún lọ́jọ́ náà. Kò lè kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, kò sì lè gbé Jímọ́ọ̀ kúrò lọ́kàn. Nígbà tó nujú tán, ó ránṣẹ́ sí i pé bí wọ́n bá tún pè wọ́n l'Àpòmù, kó wá, òun máa dúró ní gbangba.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n pè wọ́n. Sàlámọ̀tù wọ aṣọ ọdún, ó dúró láàárín ọ̀nà tó ti pápá lọ sí mọ́ṣáláṣí, níṣojú gbogbo ará Àpòmù. Àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò wo ẹnì kankan. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Jímọ́ọ̀ dín gìtá kù. Ó tún tẹ́ ẹ sílẹ̀. Jímọ́ọ̀ gbé àpótí náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, kó lè kọjú sí etí èrò dípò ẹsẹ̀ wọn, ó sì tún dín in kù.

"Ṣé gìtá ẹ ti kú ni?" Dúrótìmí tó ń fọn fèrè kùn sí i.

"Ó yè níbi tí Sàlámọ̀tù dúró sí."

Òótọ́ ni. Níbẹ̀, gìtá náà mọ́ gaara, gbogbo ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ ló yéni, a sì ń gbọ́ ọmọ ọwọ́ tó ń ké lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Àlàásárì tó, Sàlámọ̀tù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Láàárín orin, Jímọ́ọ̀ yí bọ́tìnì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó kù dákẹ́. Pápá pa lọ́lọ́.

Gàrúbà ní tirẹ̀ ti múra ìjà. Ó ti fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi wú, pé lónìí òun máa pariwo ju gìtá lọ. Ó ké. Kò sí ohun tó dojú kọ ọ́. Ohùn náà jáde tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì há lójijì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ládàánì hú ikọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dé ìpẹ̀kun pápá.

Lẹ́yìn ìrun, ó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tẹ̀síbáà lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn rò pé ó fẹ́ wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ sílé ni. Sàlámọ̀tù ò kúrò lójú ọ̀nà. Gàrúbà dúró tì í. Orin ti tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí lò ń fọwọ́ sọ fún un?"

"Bó ṣe ń dún níbí ni, bàbá mi. Kò lè mọ̀ ọ́n látibẹ̀."

"Ó sì ń ṣe bó o ṣe wí?"

"Ó ń ṣe é, bàbá."

Gàrúbà tẹ́tí sí gìtá náà. "Mo ti múra láti bá a jà," ó ní. "Kò bá mi jà." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà mẹ́ta kọjá. "Sọ fún un pé káwọn ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun."

Sàlámọ̀tù gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò ní àmì kankan fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó bọ́ sáàárín àwọn oníjó, ó ń fi èjìká lànà títí ó fi dé iwájú Jímọ́ọ̀, ó sì fẹnu sí i létí.

"Bàbá mi ní kí ẹ wá tọrọ mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jímọ́ọ̀ ṣi okùn tẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.