Orin Tí A Rán Pọ̀

Ọwọ́ Kẹ́lẹ́ ti dé ìlà tó kẹ́yìn kí ìka kékeré rẹ̀ tó yọ̀. Eyín dùùrù méjì ló tẹ̀ pọ̀ níbi tó ti yẹ kó tẹ ẹyọ kan. Ó dáwọ́ dúró. Ìgbà kọkànlá nìyẹn.

"Ẹ pa á," ó ní.

Bíléèdì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, pa á lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn: ohùn ló ń gé, tó sì ń tò, fún àwọn tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó.

Yàrá náà gbóná bí ààrò. Mátírẹ́ẹ̀sì dí ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìbora mẹ́ta bo fèrèsé. Wọ́n ti yọ fíríìjì kúrò lára iná kó má baà kùn. Máìkì kan ṣoṣo tí wọ́n yá ni wọ́n so mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, tí wọ́n ki ọ̀pá náà sínú korobá iyanrìn. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdákẹ́jẹ́.

Ilé-ìwé orin fẹ́ gba ọmọ méje lọ́fẹ̀ẹ́. Kí oníkálukú fi orin kan ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òfin kan ló wà: kí wọ́n tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí gígé, kò sí síso. Bí Kẹ́lẹ́ kò bá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kò wọlé nìyẹn. Aago márùn-ún sì ti lù.

"Onídùùrù, gbọ́," Bíléèdì ní. "Ìparí ìgbà kẹrin mọ́ kedere. Ìbẹ̀rẹ̀ ti ìsinsìnyí ló dára jù. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí síso."

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Ìyàwó tó sunkún láti àárọ̀ dalẹ́, mo ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìn-ín rí. Ìyá ọkọ pàápàá kò fura."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kẹ́lẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ó wo aago.

"Ẹ ṣe é."

Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, orin náà ti lọ. Bíléèdì ní ebi ń pa òun, ó jáde lọ ra búrẹ́dì.

Kò pẹ́ tí bàbá Kẹ́lẹ́ ti mátírẹ́ẹ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó wọlé pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ohùn dùùrù ṣe kiri àwọn ilé-ìwé.

"Ẹ káàbọ̀, bàámi."

"O ṣe é tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jẹ́ n gbọ́."

Ó jókòó, ó dijú. Nígbà tí orin dé ìlà tó kẹ́yìn, ó lajú.

"Tún un fi sí i." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. "Wáyà kan ti dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ooru ni, bàámi."

"Ooru ni. Èèkàn tó dì í mú ti ń yọ̀ tipẹ́. Àmọ́ lápá ìparí, ó ti le padà." Ó wo ọmọ rẹ̀. "N kò tíì rí dùùrù tó yí wáyà ara rẹ̀."

Kẹ́lẹ́ wolẹ̀.

"A rán an pọ̀ ni. Mo sì ti fi ránṣẹ́."

Bàbá ṣí àpò irin iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n á gbọ́ ọ, bàámi?"

"N kò mọ̀. Etí mi kọ́ ni etí wọn. Wọ́n lè má gbọ́ ọ láéláé."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

Ó dìde, ó ṣí orí dùùrù, ó ki irin bọ èèkàn náà. Ó yí i díẹ̀, ó tẹ eyín, ó tẹ́tí. Ó tún yí i díẹ̀.

"Ó ti dọ́gba," ó ní. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá."

Kẹ́lẹ́ ṣí ojú ewé ilé-ìwé náà. Èèyàn lè fi orin mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀. Ó jókòó sídìí dùùrù.

Bíléèdì wọlé, ó rí wọn.

"Bàbá kékeré, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé?"

"Gbé e sílẹ̀."

"Kí ni, sà?"

"Búrẹ́dì yẹn. Ọ̀rá ẹ̀ ń pariwo."

Bíléèdì yíjú sí Kẹ́lẹ́. "Ṣé orí ẹ pé? Èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn dára!"

"Ó dára. Kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan máìkì."

Àyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń ro sí i lójú, kò nù ún. Ojú ìwé kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ìka kékeré náà tún yọ̀. Bíléèdì fọwọ́ bojú.

Kẹ́lẹ́ kò dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ parí.

Ó kọ ìdí kan pé fáìlì àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ìgbà méjì ni mo gé, tí mo rán pọ̀ di ti àkọ́kọ́. Èyí ni n kò rán." Nígbà tó fi ránṣẹ́, ó ku ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n ti mú ọmọ méje. Kẹ́lẹ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò tíì fura sí ti àkọ́kọ́ kó tó jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ká síso mọ́ àwọn méjì mìíràn lọ́wọ́, àwọn kò sì ní gbọ́ orin wọn mọ́ láé. Àmọ́ kí Kẹ́lẹ́ tún mú tirẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Wọn ò fura!" Bíléèdì lọgun. "Ṣé o gbọ́? Wọn ò fura!"

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," bàbá ní, "ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Kẹ́lẹ́ sunkún, kò fi pa mọ́. Ọ̀nà òtítọ́ ti gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ náà nìkan ni ì bá sì mú un wọlé. Síbẹ̀ ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àṣìṣe ìka kì í ba orúkọ èèyàn jẹ́. Irọ́ tí a fi bò ó ló ń bà á jẹ́.

Ó ku oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó tún gba ọmọ mìíràn.