Ẹ̀wù Òjò Ọkọ Tíṣà

Òjò ti pa Tíṣà kọjá ààlà lọ́sàn-án ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù ìrìn, tí wọ́n sì ń tún un rán. Ẹ̀wù òjò ọrùn rẹ̀ tóbi débi pé ó ká apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọwọ́ tó yọ, omi sì ń kán láti èjìká rẹ̀ sórí pákó ilẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn àgọ́ àti báàgì tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri bí ẹni tó ṣìnà.

"Mo fẹ́ ra ẹ̀wù òjò tuntun, àti àgọ́ ẹlẹ́nìkan," ló wí. "Mo fẹ́ rin etíkun, láti ìdí ilé gogoro oníná tó ń tọ́ àwọn awakọ̀ òkun sọ́nà títí dé ẹnu odò. Ọjọ́ mẹ́rin."

Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ gbójú sókè. Má-sọ-ọ́-nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà tó bá gbé nǹkan yíya wá nìyẹn.

"Kí ni èyí tó wà lọ́rùn yín ṣe?"

"Ó ń jò."

"Ojú rírán ló tú léjìká. Ẹ má sọ ọ́ nù. Á pẹ́ ju tuntun tí mo gbé kọ́ síbí lọ."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń tajà?"

"Ìdí tí mi ò fi lówó nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà ní òun lè gé apá ẹ̀wù náà kó bá a mu, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má gé e. Ọkọ mi ló ni ín." Ó pé ọdún kan tí ọkọ náà ti kú. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ pinnu ìrìn náà kó tó kú.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá. Wọ́n fara balẹ̀ yan ẹrù: ìgò irin dípò ike tí ẹja òkun máa ń gbé mì nígbẹ̀yìn, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó ṣeé tún rán. Àgọ́ àlòkù kan wà níbẹ̀ tó nípọn dáadáa, àmọ́ ti ẹni méjì ni.

"Kí ni mo fẹ́ fi àyè kejì ṣe?"

"Ẹ gbé báàgì síbẹ̀."

Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ". Ìfẹ́ ti wọ Má-sọ-ọ́-nù lára, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Nígbà tí ìrìn ku ọ̀sẹ̀ kan, Tíṣà bọ́ ẹ̀wù náà fún un. "Èjìká nìkan o."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Má-sọ-ọ́-nù rán èjìká. Ó rí i pé aṣọ inú kọ́là ti gbó, ó gé e kúrò, ó fi tuntun sí i. Ìda tó ń dènà omi kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ tó dọ̀tí, torí náà ó fọ ẹ̀wù náà, ó sá a sóòrùn, ó sì fi ìda pa á lára látòkè délẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹ̀kán òjò kankan kan obìnrin náà lára.

Nígbà tí Tíṣà wá gbà á, kó tó dúpẹ́, ó gbé kọ́là náà símú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"O fọ̀ ọ́."

"Ìda kì í—"

"Òórùn rẹ̀ ló kù fún mi." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Òun nìkan ló kù."

Ó mú ẹ̀wù náà, ó fi gbogbo ẹrù yòókù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn: ohun tí Má-sọ-ọ́-nù pè ní ìdọ̀tí, ọkọ ni lójú obìnrin náà. Ọkùnrin náà jókòó, ó sunkún.

Sátidé méjì kọjá, Tíṣà kò wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Má-sọ-ọ́-nù ń wá àjákù tí yóò fi lẹ ẹnu báàgì, ló bá da apẹ̀rẹ̀ àjákù sílẹ̀. Aṣọ inú kọ́là àtijọ́ náà jábọ́. Ó ti gé e kúrò kó tó fọ ẹ̀wù. Omi kò kàn án.

Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, bóyá obìnrin náà á tètè gbàgbé òkú. Èrò náà tì í lójú. Ó wé aṣọ náà sínú bébà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ilé ìwé tí obìnrin náà ti ń kọ́ni lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì ni Tíṣà ti tú bébà náà. Ó gbé aṣọ náà símú, ó sunkún, ó sì fi ọwọ́ kejì di apá ẹ̀wù Má-sọ-ọ́-nù mú títí aago fi lù.

Ó wá kó ẹrù rẹ̀ ní Sátidé, ó sì dá rin ìrìn náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni Má-sọ-ọ́-nù fi ń wo ojú ọ̀run.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Tíṣà wọlé tòun ti yanrìn nínú bàtà. Ó gbé aṣọ kọ́là náà sórí tábìlì.

"Afẹ́fẹ́ òkun ti gba òórùn ọkọ mi lọ. Òórùn iyọ̀ ló kù. Mo dágbére fún un lẹ́nu odò." Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Àyè kejì àgọ́ yẹn pọ̀ jù fún báàgì. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la máa lọ."

Ó na apá rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀wù náà sí i. "Wá wọ̀n mí. Gé e kó bá mi mu."

Ọkùnrin náà fi téèpù wọn apá náà. Ó gé e, etí apá ẹ̀wù náà sì bọ́ sórí tábìlì.

"Èyí ńkọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. "Ìwọ Má-sọ-ọ́-nù lo ń bi mí bẹ́ẹ̀?"

Ó ká a pọ̀ mọ́ aṣọ kọ́là náà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.