Àtọ́kẹ́ àti Ògiri Tútù

Ilé tirẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ rí nínú ìwé tí Japheth nà sókè. Igbá omi ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà náà, omi ń ro tótó sí i lójú. Lórí ilẹ̀ tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì gbà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn tíṣà sí, àlùfáà òyìnbó ń mi orí, gbogbo ènìyàn ń yin Japheth.

Bẹ́ẹ̀ Àtọ́kẹ́ ló fi amọ̀ mọ ilé náà ní kékeré sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó yí àgbàlá ká, tí òjò orí òrùlé gbogbo yóò máa dà sínú kòtò omi kan láàárín. Irú rẹ̀ kò sí láti Màpó dé Ọjà'ba. Japheth, akẹ́kọ̀ọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yà á sínú ìwé, kí òun fi han òyìnbó lórúkọ Àtọ́kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Japheth, ilé mi nìyẹn."

Japheth rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò gbà pé ọmọ ẹni tó ń po ẹrẹ̀ ló ro èyí? Lọ pọnmi, jàre."

Àkíbù ọ̀mọlé, bàbá Àtọ́kẹ́, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé náà fún. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Japheth ṣe, ó ní kí ọmọ òun ṣe sùúrù. "Jẹ́ kí ilé dúró ná. Ẹni tó jí kàkàkí, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ọjọ́ tí òyìnbó bá bi í níbi tí àtẹ̀gùn yóò gbà, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò."

Ṣùgbọ́n inú Àtọ́kẹ́ ń hó. Ẹ̀san ló fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ ní gbígbóná.

Níbi ilé mímọ láyé ìgbà náà, orin ni aago. Àtọ́kẹ́ olóhùn iyọ̀ ló ń lé e, àwọn yòókù ń gbè é. Bí ipele ògiri kan bá ti pé, yóò dá orin dúró, gbogbo ọwọ́ á kúrò nínú ẹrẹ̀, ògiri á sì gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àkíbù ń lọ kírun. Ó ní, "Tí ipele yìí bá pé, dá orin dúró o." Ó lọ. Àtọ́kẹ́ gbé orin tuntun:

"Àparò wọ oko olóko,
Ó lóun ló gbìn ín.
Ẹ ní kó nawọ́ ká wò ó,
Ọwọ́ tí kò kan ẹrẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo wọn mọ àparò náà, ó dúró lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, ó ń làágùn. Áà, orin yẹn dùn! Ẹsẹ̀ ń jó, ẹrẹ̀ ń fò. Ipele pé. Ìyá Èjìdé, àgbà inú àwọn apọnmi, ṣẹ́jú sí i pé ó tó. Àtọ́kẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n Japheth ń yí padà láti lọ, ó sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ohùn sókè. Wọ́n bá ń to ẹrẹ̀ tútù lé ẹrẹ̀ tútù.

Ògiri náà yọ ikùn. Ó wó gbì, ó sì ṣẹ́ Ìyá Èjìdé lẹ́sẹ̀.

Òyìnbó sáré dé, ó ń béèrè ẹni tó ro irú ilé yìí. Japheth tẹríba. "Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́. Ọmọ Àkíbù ló rò ó, èmi kàn yà á ni."

Òótọ́ tí Àtọ́kẹ́ ń wá dé, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ló gbé wá bá a. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àkíbù, wọ́n ní kí ẹlòmíràn mọ ilé ilẹ̀ gbọọrọ kan síbẹ̀. Àkíbù kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Àwọn ọmọge Ọjà'ba ṣì ń kọ orin àparò nígbà tí Àtọ́kẹ́ bá ń gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá Èjìdé. Bí wọ́n bá dé "ẹ ní kó nawọ́", ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń wò.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá jí ohun yín, ẹ fi sùúrù dúró ti òótọ́. Ẹni tó ń sáré ẹ̀san kì í rántí ohun tó gbé dání, àfi ìgbà tó bá fọ́.